Erùpẹ̀ Inú Ike Méjìlá

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo nu orúkọ kúrò lára ike méjìlá, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjìlélógún.

Yàrá ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá wa erùpẹ̀ dé nínú ọ̀rá, èmi ni mo máa ń fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ kí òkúta àti gbòǹgbò lè yọ. Màá wọ̀n ọ́n, màá bù ú sínú àwọn ike kéékèèké onídèérí tí kò ju ọmọ ìka lọ, màá kọ orúkọ ibi tó ti wá sára ike kọ̀ọ̀kan, màá sì kó wọn sínú fírísà. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ní iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ jọ erùpẹ̀. Tí orúkọ bá ti kúrò lára ike, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè fojú dá ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ̀, ì báà wọ awò mẹ́ta lórí ara wọn.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí n tó mọ lẹ́tà àkọ́kọ́ kọ. Obìnrin olùkọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà ló kọ́ mi. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé ní pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ilẹ̀ ni mò ń gbá nínú ilé tí yàrá ìwádìí wà. Nígbà tí mo lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, Tíṣà kọ lẹ́tà sí obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀: "Obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún yín yìí mọ̀wé kọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ẹ dán an wò." Ọ̀gá dán mi wò. Bí mo ṣe fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tí mo bọ́ sídìí tábìlì nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn sí i. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù, Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pè é, torí pé kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí kì í dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mẹ́fà lẹ kọ yìí ni àbí mẹ́sàn-án tó dorí kodò?"

Àwọn tó bá wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kì í kọjá eyín. Tí mo bá dé ìdí tábìlì mi, màá tún gbogbo ohun tí mo ti kọ yẹ̀ wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bóyá mẹ́fà ni lóòótọ́.

Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ní ká bá àwọn yẹ̀ wò, ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ti kógbá sílé láti ogún ọdún sẹ́yìn. Oògùn ni wọ́n fi ń fọ kóòtù níbẹ̀, kì í ṣe omi, wọ́n á sì da èyí tó bá ti dọ̀tí sínú kòtò lẹ́yìn ilé. Oògùn náà rì wọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ní ìlà kan. Ilé kẹta ni ti Tíṣà. Fèrèsé yàrá rẹ̀ dojú kọ kòtò yẹn gan-an.

Ọ̀gá ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún gbogbo wa ní ìdúró, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kòkòrò àìfojúrí wà nínú erùpẹ̀ yẹn, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní bakitéríà, oògùn yẹn sì ni oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ dé ìdajì tí wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀, ìyókù yẹn sì burú ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ ni, á máa gòkè wá díẹ̀díẹ̀, á wọ yàrá àwọn èèyàn, á sì fi àìsàn sí wọn lára. Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ títí kò fi ní sí ohun búburú kankan mọ́. Láàárín ara wa, a sọ àwọn ti ìṣáájú ní Ajẹṣẹ́kù, a sì sọ àwọn tó kù ní Ajẹtán.

"Tó bá jẹ́ Ajẹtán ló wà níbẹ̀," Ọ̀gá sọ, "omi ìrèké dúdú la máa rọ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n á yó, wọ́n á bí sí i, wọ́n á parí iṣẹ́. Tó bá jẹ́ Ajẹṣẹ́kù nìkan, a ò gbọ́dọ̀ fún wọn ní nǹkan kan o. Ńṣe la máa wa ilẹ̀ náà kúrò pátápátá. Ẹni tó bá bọ́ Ajẹṣẹ́kù, májèlé ló ń sè."

Bí a ṣe máa mọ ìyàtọ̀ wọn ni pé ká ka àkọsílẹ̀ wọn. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní àkọsílẹ̀ kan nínú ara, èyí tó jogún, tó ń sọ fún un ohun tó lè jẹ àti bó ṣe máa jẹ ẹ́. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń kà á ni Baba Lẹ́tà. Ẹ̀rọ náà ò ju ìṣù búrẹ́dì kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè kà.

"Ìyá Akọ̀wé," Baba Lẹ́tà máa ń sọ, "ẹ wo kòkòrò tí ò lójú tí ò nímú. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló fi kọ gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ̀yin ní márùnlélógún, ẹ ò tíì kọ orúkọ mi sára ife tíì kan rí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n kó erùpẹ̀ dé láti apá méjì nínú ilẹ̀ náà: mẹ́fà láti ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé, mẹ́fà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Máákà wa tí kì í parẹ́ ti tán. Ó yẹ kí n lọ gba òmíràn lọ́wọ́ Oníkọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Mo yọ máákà tí mo fi ń kọ nǹkan nílé nínú báàgì mi. Mo kọ "Ilé" àti "Ọ̀nà" pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ó mọ́ dáadáa, ó wù mí. Mo to àwọn ike sínú pátákó oníhò, ti Ilé níwájú, ti Ọ̀nà lẹ́yìn.

Òfin wa ni pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí onígíláàsì tí a ti ń ṣí ike láìjẹ́ pé a fi sípírítì nù ún. Mo rẹ aṣọ sínú sípírítì, mo nu ti iwájú láti ọ̀tún dé òsì. Mo yí pátákó náà kí ọwọ́ mi lè tó ti ẹ̀yìn, mo nu ìyẹn náà. Nígbà tí mo wo aṣọ ọwọ́ mi, ó ti di aró. Mo wo àwọn ike. Wọ́n funfun báláú.

Mo kọ́kọ́ rò pé kò le. Iwájú ni Ilé, ẹ̀yìn ni Ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo yí pátákó. Ṣé mo ti yí i padà? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí i, àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Ọwọ́ mi ló ṣe é, orí mi ò sí níbẹ̀. Mo dúró, mo di ojú, mo gbé ọwọ́ sókè nínú afẹ́fẹ́ bíi pé mo tún ń nu wọ́n. Nígbà kan, ọwọ́ mi yí i lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyókù erùpẹ̀ inú ọ̀rá ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn oògùn nílùú mìíràn. Ohun tó kù kí n ṣe ò ju pé kí n kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá, kí n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti nu orúkọ nù." Wọ́n á gbé ọkọ̀, wọ́n á gbé ṣọ́bìrì, ìdajì ọjọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Mo gbọ́ ẹ̀rín Oníkọ́kọ́rọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa sọ ọ́: mo sọ fún yín, ẹ ní kí ẹni tí ò lọ sílé ìwé máa kọ̀wé. Mo rò ó pé wọ́n á dá mi padà sídìí ìgbálẹ̀. Mo rò ó pé ojú á ti Tíṣà tó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún mi. Mo jáde, mo lọ gba máákà tòótọ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo ń sá fún tẹ́lẹ̀.

"Áà, Ìyá Akọ̀wé! Ṣé ẹ ti jẹ ti àkọ́kọ́ tán ni?"

"Ó dùn bí oyin," ni mo dá a lóhùn, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Mo padà wá, mo kọ "Ilé" sára ti iwájú, mo kọ "Ọ̀nà" sára ti ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Baba Lẹ́tà jáde láti ìdí ẹ̀rọ, ó ń jó díẹ̀. "Ẹ kú oríire o! Ajẹtán ló wà nínú gbogbo ike Ilé. Àkọsílẹ̀ wọn pé, ìlà tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń parí oúnjẹ wà níbẹ̀ gbangba. Àwọn ti Ọ̀nà ni Ajẹṣẹ́kù, àwọn ọ̀lẹ."

Ọ̀gá dì mọ́ mi. "Màmá, Tíṣà yín ò ní kó kúrò nílé rẹ̀! Omi ìrèké la máa rọ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan la máa wa."

Mo ní, "A dúpẹ́, mà." Mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹkún mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà mo lọ bá Baba Lẹ́tà. Mo fi ọgbọ́n bi í. "Baba Lẹ́tà, ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó lè mọ ibi tí erùpẹ̀ kan ti wá?"

"Ẹ̀rọ? Ohun tó wà nínú ike ni tirẹ̀." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tó wà lára ike, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ̀rọ ò mọ̀wé yín o."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi dúnàá-dúrà. Bí mo bá ń fọ abọ́, màá ní ó lè jẹ́ pé mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Bí mo bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́, màá ní ìdajì ni, àbí kò ju ìdajì lọ pàápàá? Mo tún fi ọwọ́ yí pátákó tó ṣófo ní ọ̀pọ̀ ìgbà nígbà tí kò sẹ́ni nítòsí, bíi pé pátákó lè jẹ́rìí. Mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ṣe irú rẹ̀ sí ilé ọmọ mi, mi ò ní gba ìdajì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú kí wọ́n rọ omi ìrèké, mo lọ kí Tíṣà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dá aṣọ rẹ̀ lọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Wọ́n ní àwọn kòkòrò ẹ̀yìn ilé mi jáfáfá," ó sọ. "Mo sọ fún aládùúgbò mi pé àwọn ti ọ̀dọ̀ mi ló ń ṣiṣẹ́, àwọn ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń sùn ni. Ó bínú!" Ó na ìwé kan sí mi. "Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí gbogbo wa nìyí. Awò mi wà ní yàrá. Kà á fún mi, ọmọ mi."

Ó ti kà á, mo mọ̀. Ó kàn fẹ́ gbọ́ kí n kà á ni. Mo kà á látòkè délẹ̀: ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé kò léwu, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kúrò, kí wọ́n má bẹ̀rù.

"O ò kọsẹ̀ níbì kankan," Tíṣà sọ. Ojú rẹ̀ ń dán.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní ó yẹ kí n máa lọ, mo ní aṣọ tí mo sá sílé.

Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ akómi dé. Wọ́n ti gbẹ́ ihò tóóró mẹ́jọ sílẹ̀, wọ́n ti ri páìpù bọ̀ wọ́n, omi ìrèké dúdú sì ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n rọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé wọn kí n máa kọ iye tó ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Tíṣà gbé àga kan jáde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó sún mọ́ fèrèsé rẹ̀ jù, ó ń wo iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fọwọ́ ti orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú lé ẹnu páìpù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìdérí rẹ̀.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!" Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo pariwo. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Gbogbo wọn yíjú. Tíṣà na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. "Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ajẹtán ló wà níbẹ̀, kò séwu."

"Ọ̀gá," mo sọ, "ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ọkọ̀."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akómi yẹn ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, máákà, sípírítì, pátákó. Mo kúnlẹ̀, ó sì tètè fà mí dìde, kì í ṣe torí àánú. Ó fẹ́ gbọ́ mi dáadáa ni.

"Ẹ̀ẹ̀kan lẹ yí i, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ọjọ́ wo ni?"

Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ ka ọjọ́, ó kọjá ogún. Ó jáde, ó ní kí wọ́n ti omi pa. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé wọn títí àwọn á fi tún nǹkan kan yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló padà wá bá mi.

"Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́," ó sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "èmi náà fi sípírítì nu orúkọ nù. Ike mọ́kàndínlógójì. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa, Màmá. Ọjọ́ kejì ni mo lọ tún erùpẹ̀ wà."

Ìbá sàn kó gbá mi létí.

Ọ̀sán yẹn ni wọ́n wa erùpẹ̀ tuntun. Kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ní kí n má ṣe fọwọ́ kan ike kankan títí òun á fi pè mí, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo ń jókòó lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Oníkọ́kọ́rọ́ kọjá lára mi nígbà mẹ́ta. Kò sọ nǹkan kan. Torí ìbẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ni mo ṣe gbogbo èyí, nígbà tí ó sì rí ohun tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe é.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Baba Lẹ́tà jáde. Kò jó. Ó wo Ọ̀gá, ó wo ilẹ̀.

"Wọ́n yí," ó sọ. "Ajẹṣẹ́kù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé. Ìlà tó kẹ́yìn ò sí nínú àkọsílẹ̀ wọn rárá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi bọ́ wọn."

Ọ̀gá jókòó. Ó ní afẹ́fẹ́ náà lè má tíì dé òkè, pé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ò tíì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn inú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ jáde, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ náà jáde kí wọ́n sì wa ilẹ̀. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun á lọ sọ fún wọn ní ọ̀sán, tí òun bá ti gba ìwé àṣẹ.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Tíṣà ṣáájú, mà," mo sọ.

Ó ní, "Ẹ lọ."

Tíṣà ń ṣa ewébẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ṣí, aṣọ ojú wọn ń fẹ́. Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ọ̀gá, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣa ewébẹ̀ títí mo fi dé ìdajì, lẹ́yìn náà ló dúró.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ náà gan-an, mà."

"Ọjọ́ Àìkú tó o wá síbí, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O sì ka lẹ́tà yẹn fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé abọ́ ewébẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kí ló dí ọ lẹ́nu?"

"Ẹ̀rù ni, mà. Mo rò pé wọ́n á ní torí pé mi ò mọ̀wé ni. Mo rò pé ojú á tì yín nítorí mi."

"Má fi tèmi kún un." Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Ìwé tí mo kọ́ ọ ò sọ pé ẹni tó mọ̀wé kì í ṣàṣìṣe. Èmi pẹ̀lú ewú orí mi, mo ń ṣàṣìṣe. Àṣìṣe ò bí mi nínú. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ihò yẹn, ìwọ sì ń wò mí."

Mo fẹ́ sọ pé mo pariwo, ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ méjìlélógún tí mi ò fi pariwo.

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo na ọwọ́ sí àpótí tó ń gbé sọ̀ kalẹ̀.

"Fi sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ wá gbé e."

Mo yọ ọwọ́ mi kúrò. Ó ká aṣọ méjì, ó ká ẹ̀kẹta, kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi.

"Ilé mélòó ló wà nínú ìlà yìí?" ó bi mí.

"Mẹ́fà, mà."

"Ta ló ti sọ fún àwọn márùn-ún yòókù?"

"Ọ̀gá wa ń bọ̀ lọ́sàn-án, mà. Ìwé àṣẹ ló ń dúró dè."

"Ìyàwó ilé karùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ náà ò tíì pé oṣù kan." Nígbà yìí ló tó wò mí. "Ṣé ọ̀sán náà lo fẹ́ kí ọmọ yẹn dúró dè? Lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ìwọ fúnra rẹ. Bí o ṣe sọ fún mi ni kó o sọ fún wọn."

Mo jáde. Oòrùn ti mú. Mo kọjá ilé kẹrin, mo ní màá padà síbẹ̀, mo dé iwájú ilé karùn-ún, mo sì kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn, aṣọ ọmọ wà léjìká rẹ̀, oorun kún ojú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà," mo sọ. "Èmi ni mo kọ orúkọ sára erùpẹ̀ ẹ̀yìn ilé yín. Mo ṣì í kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn jáde, kí n tó sọ ìyókù."